Díráìfù Commodore 1541 Tó Ń Falẹ̀: Bí A Ṣe Ń Pààrọ̀ Firmware Rẹ̀ Kó Lè Yára

Nínú ọyẹ́ tó kọjá, màmá kan gbé kọ̀ǹpútà Commodore 64 bàbá wọn wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Pánṣẹ́kẹ́, òun pẹ̀lú díráìfù 1541 tó ń ka dísìkì rẹ̀, tó wúwo bí ọlọ ata. Aṣọ àdìrẹ ni wọ́n fi dì í kí eruku má bàa ráyè wọlé. Bàbá wọn ti Lọ́ńdọ̀nù gbé e bọ̀, orí dísìkì rẹ̀ ni wọ́n sì kọ oríkì ìdílé àti orúkọ gbogbo ọmọ ilé wọn sí. "Ínjìníà, ẹ bá mi wò ó," ni Màmá wí. "Ó ń ṣiṣẹ́ o, ṣùgbọ́n bí arúgbó tó ń gun Olúmọ ló ṣe ń ṣe. Ẹ̀rù ń bà mí pé ó ti fẹ́ kú."

Mo tan án, mo tẹ LOAD, òfin tó ń gbé fáìlì láti orí dísìkì wọ kọ̀ǹpútà, mo sì tẹ aago fóònù mi lẹ́ẹ̀kan náà. Bulọ́ọ̀kù 160 ni fáìlì ọ̀hún, nǹkan bíi kilobáìtì 40. Iná pupa iwájú díráìfù tàn, mọ́tò ń yí, a jókòó tì í. Obìnrin tó ń ta ìrẹsì ọ̀fadà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa bu abọ́ kan fún oníbàárà, ó gbowó, ó wá ṣéńjì títí ó fi rí i, READY, ọ̀rọ̀ tó ń fi hàn pé ó ti parí, kò tíì jáde. Nígbà tó máa fi jáde, ìṣẹ́jú kan àti ogójì ìṣẹ́jú àáyá ti lọ.

Mo sọ fún Màmá pé díráìfù wọn kò ṣàìsàn. Bí wọ́n ṣe bí i ní 1982 nìyẹn. Ohun tó ń mú un falẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sínú ṣíìpù rẹ̀ àti ṣíìpù kọ̀ǹpútà tó ń bá a sọ̀rọ̀, èyí tí à ń pè ní firmware, a sì lè pààrọ̀ ọ̀rọ̀ náà. Bí mo ṣe ṣe é ni mo fẹ́ tò sílẹ̀ níbí, nítorí mo mọ̀ pé àwọn ẹ̀rọ yìí ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì nílé ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Ìbarà, ní Adátán àti ní Ìtòkú, tí àwọn ọmọ sì ń fojú pàǹtírí wò wọ́n.

Ibi tí ìfalẹ̀ náà ti ń wá

Ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà kí ẹ má bàa tú ohun tí kò yẹ ní títú. Ọ̀pọ̀ rò pé mọ́tò ló ń yí jẹ́jẹ́. Rárá. Ìgbà 300 ni dísìkì ń yí láàárín ìṣẹ́jú kan nínú 1541, ìyẹn ìgbà márùn-ún ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Ní etí dísìkì, sẹ́kítọ̀ 21 ló wà lórí ìlà kan, báìtì 256 sì wà nínú sẹ́kítọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹ ṣírò rẹ̀: ó lé ní báìtì 26,000 tó ń kọjá níwájú orí tó ń kàwé ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Mélòó nínú rẹ̀ ló ń dé inú Commodore 64? Bíi 400.

Bẹ́ẹ̀ 1541 kì í ṣe ọ̀lẹ. Kọ̀ǹpútà ni òun náà fúnra rẹ̀: ó ní ọpọlọ ẹ̀rọ 6502 tirẹ̀, RAM (ibi ìrántí tó ń parẹ́ bí iná bá lọ) kilobáìtì 2, ROM kilobáìtì 16 tí ètò iṣẹ́ rẹ̀ wà nínú rẹ̀, àti ṣíìpù 6522 méjì tó ń gba ọ̀rọ̀ wọlé tó sì ń fi í jáde. Ó ń ka sẹ́kítọ̀ kíákíá. Ojú okùn tó so òun àti kọ̀ǹpútà pọ̀ ni gbogbo nǹkan ti ń há.

Ìtàn okùn yìí bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ VIC-20, ẹ̀gbọ́n Commodore 64. Àwọn tó ṣe é fẹ́ kí ṣíìpù 6522 máa gba báìtì odindi kó sì máa fi bíìtì mẹ́jọ rẹ̀ ránṣẹ́ fúnra rẹ̀, láìjẹ́ pé ọpọlọ ẹ̀rọ ń dá sí i. Àbùkù kan wà lára ibi tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn nínú 6522, bíìtì a máa sọnù. Wọ́n bá gbé iṣẹ́ náà lé ọpọlọ ẹ̀rọ lọ́wọ́, pé kó máa fi ọwọ́ ka bíìtì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: gbé waya sókè, dúró, gbé e wálẹ̀, dúró. Nígbà tí Commodore 64 dé, ṣíìpù 6526 tó wà nínú rẹ̀ kò ní àbùkù yẹn mọ́, ṣùgbọ́n wọ́n fẹ́ kí ohun èlò VIC-20 lè bá a ṣiṣẹ́, wọ́n sì fi ọ̀nà àtijọ́ sílẹ̀ bó ṣe wà.

Ó tún burú sí i. Ṣíìpù VIC-II tó ń ya àwòrán sójú tẹlifíṣọ̀n a máa gba ọ̀nà lọ́wọ́ ọpọlọ ẹ̀rọ nínú ìlà kan lára ìlà mẹ́jọ mẹ́jọ, fún nǹkan bí ogójì ìdá kan nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá. Bí bíìtì bá kọjá lórí okùn lákòókò náà, Commodore 64 kò ní rí i. Nítorí náà wọ́n tún fa ìdúró bíìtì kọ̀ọ̀kan gùn. Díráìfù VIC-20 ń jẹ́ 1540. Èyí tí wọ́n fa ìdúró rẹ̀ gùn ni 1541 tó wà lọ́wọ́ yín. Inú ROM ni wọ́n ti ṣe ìyẹn. Ohun tí wọ́n sì fi ROM bà jẹ́, ROM náà la fi ń tún un ṣe.

Ọ̀rọ̀ tuntun tí a ó fi sínú rẹ̀

JiffyDOS ni firmware tí mo ń lò. Mark Fellows ló kọ ọ́ ní àwọn ọdún 1980, ilé iṣẹ́ Creative Micro Designs ní Amẹ́ríkà sì tà á fún ọ̀pọ̀ ọdún. Títí di òní, owó là ń fi ra àṣẹ láti lò ó. RETRO Innovations ní Amẹ́ríkà ń tà á, ní ṣíìpù tàbí ní fáìlì tí ẹ lè kọ sínú ṣíìpù fúnra yín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rà á. Ẹni tó ń jẹun nínú iṣẹ́ ọwọ́ kò yẹ kó máa jí iṣẹ́ ọwọ́ ẹlòmíràn.

Ohun tó ń ṣe rọrùn láti lóye. Waya méjì ló wà nínú okùn náà tó ń gbé ọ̀rọ̀: ọ̀kan ń gbé bíìtì, ìkejì ń ka ìgbésẹ̀. JiffyDOS a máa fi méjèèjì gbé bíìtì, méjì méjì lẹ́ẹ̀kan, àwọn méjèèjì ti ṣe àdéhùn àsìkò ṣáájú kí wọ́n má bàa máa béèrè "ṣé o gbọ́?" lẹ́yìn ìró kọ̀ọ̀kan. Ó sì máa ń wo ibi tí VIC-II wà kó tó bẹ̀rẹ̀ báìtì.

Apá tó dùn mọ́ mi jù ni bí wọ́n ṣe ń dá ara wọn mọ̀. Ẹ fojú inú wo Ẹ̀gbá méjì tó pàdé ní Èkó láìmọ ara wọn. Èkíní ń sọ Yorùbá gbogbo gbòò, ó wá fa ìparí gbólóhùn kan díẹ̀ bí ará ilé. Bí èkejì bá jẹ́ Ẹ̀gbá, á gbọ́ ọ, á fèsì, kíá ni wọ́n ó bọ́ sínú ẹ̀ka èdè wọn. Bí kì í bá ṣe Ẹ̀gbá, kò ní kíyè sí nǹkan kan, wọn á sì máa bá ọ̀rọ̀ lọ bó ṣe wà. Bí JiffyDOS ṣe ń ṣe gan-an nìyẹn: kọ̀ǹpútà á dá dúró díẹ̀ ṣáájú bíìtì tó kẹ́yìn nígbà tó bá ń pe díráìfù, díráìfù tó gbọ́ èdè náà á fa waya kan wálẹ̀ láti dáhùn. Èyí tí kò gbọ́ kò ní mọ̀ pé ẹnì kankan ṣe nǹkan. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí ẹ pààrọ̀ ROM níhà méjèèjì kí ẹ tó rí eré, ìdí nìyí náà tí ìhà kan ṣoṣo kò fi ní ba nǹkan kan jẹ́.

Nǹkan kan wà tí ẹ ó pàdánù. Kí JiffyDOS tó ráyè nínú Commodore 64, wọ́n yọ ètò kásẹ́ẹ̀tì kúrò. Bí ẹ bá ṣì ń fi téèpù gbé eré ìdárayá, súwíìṣì tí mo máa sọ nípa rẹ̀ nísàlẹ̀ di dandan fún yín.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó tú u

Ìfalẹ̀ àbínibí yàtọ̀ sí ìfalẹ̀ àìsàn, firmware kò sì lè wo àìsàn sàn. Bí díráìfù bá ń ka ibì kan lẹ́ẹ̀mẹ́ta lẹ́ẹ̀mẹ́rin kó tó gbọ́ ọ, tó ń dún gbà-gbà-gbà, tí iná pupa ń ṣẹ́jú, ìdọ̀tí tàbí orí tó ti yẹ̀ ló ń bá a jà. Ẹ tẹ ètò kékeré yìí, ẹ fi RUN sí i:

10 OPEN 15,8,15
20 INPUT#15,A,B$,C,D
30 PRINT A;B$;C;D
40 CLOSE 15

Bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tan díráìfù, 73 ló yẹ kó kọ, pẹ̀lú CBM DOS V2.6 1541. Ẹ wá gbé fáìlì kan, ẹ tún ètò yìí tẹ̀, ẹ sì fi RUN sí i. Bí ẹ bá rí 0 àti OK, ara rẹ̀ le. Bí nọ́ńbà náà bá wà láàárín 20 sí 24, tàbí tó jẹ́ 27, kíkà ló ń ṣòro fún un, nọ́ńbà tó tẹ̀lé ọ̀rọ̀ àṣìṣe náà yóò sì sọ ìlà tó ti ṣẹlẹ̀. Tó bá jẹ́ orí gbogbo dísìkì ló ti ń ṣẹlẹ̀ káàkiri, mo máa ń fura sí ìdọ̀tí. Tó bá jẹ́ dísìkì kan ṣoṣo, ẹ fi díráìfù sílẹ̀, dísìkì ló ń kú.

Láti nu orí: ẹ yọ okùn iná kúrò lára ògiri pátápátá, nítorí inú díráìfù yìí gan-an ni tiransifọ́mà rẹ̀ wà, iná ilé sì ń wọ ibẹ̀ tààrà. Ẹ tú ìdérí, ẹ yọ irin tó bo bọ́ọ̀dù. Ẹ rọra gbé apá tó tẹ dísìkì mọ́ orí sókè, díẹ̀ báyìí, kí sípíríǹgì rẹ̀ má yẹ̀. Òwú kékeré tí a rẹ sínú isopropyl alcohol tó lé ní ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún ni kí ẹ fi nu orí náà títí òwú yóò fi jáde ní funfun. Èyí tí mo fi nu ti Màmá, òwú àkọ́kọ́ pọ́n bí ilẹ̀ amọ̀. Ẹ má fi pẹtiróòlù nù ún, ẹ má sì fi lọ́fínńdà. Ẹ kán òróró ẹ̀rọ ìránṣọ, ẹ̀kán kan péré, sórí irin méjì tí orí náà ń rìn lórí wọn.

Bí ẹ bá yí bọ́ọ̀dù sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ ó rí àgbá irin tí bẹ́líìtì ń yí nísàlẹ̀, tí ìlà dúdú dúdú wà lára rẹ̀ ní òrùka méjì, ọ̀kan fún iná 50 Hz, ọ̀kan fún 60 Hz. Tiwa ní Nàìjíríà ni 50. Bí mọ́tò bá ń yí lábẹ́ iná gbọọrọ àtijọ́ tí iná ìjọba ń tàn, ìlà òrùka 50 yóò dà bí ẹni pé ó dúró sójú kan. Bó bá ń rìn lọ síwájú tàbí sẹ́yìn, eré mọ́tò ti yẹ̀. Iná LED àti iná ẹ̀rọ ìnvátà kò ṣeé fi ṣe àyẹ̀wò yìí.

Mo tún fẹ́ kí ẹ wo èébu ara dísìkì. Àárín ìlú wa yìí, òjò àti ooru kì í jẹ́ kí nǹkan gbẹ, funfun-funfun bí ìyẹ̀fun láfún a sì máa hù sójú dísìkì. Ẹ má ti irú rẹ̀ bọ díráìfù tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ nù. Lẹ́ẹ̀kan ni yóò kó gbogbo rẹ̀ lé orí.

Iná

Kíákíá ni mo máa sọ èyí, ṣùgbọ́n òun ló ti pa ẹ̀rọ jù lọ lójú mi. Tòkunbọ̀ tó wá láti Gẹ̀ẹ́sì ń gba iná bíi tiwa. Tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà ń fẹ́ 120 fóltì, bí ẹ bá ti 1541 rẹ̀ bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé, èéfín lẹ ó rí. Ẹ ka àkọlé tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ti Commodore 64 wà lọ́tọ̀, nínú àpótí dúdú tí wọ́n fi oje dí. Ó ń fúnni ní 5 fóltì DC àti 9 fóltì AC. Bí àpótí náà bá ti gbó, 5 yẹn a máa gòkè láìsọ fún ẹnikẹ́ni, a sì jó ṣíìpù RAM. Ẹ fi mítà wọ̀n ọ́n láàárín ẹsẹ̀ 5 àti ẹsẹ̀ 2 ẹnu okùn náà kí ẹ tó fi sí kọ̀ǹpútà. Bó bá lé ní 5.25, ẹ pa á tì, ẹ wá tuntun. Sìtábiláísà tó dáa kì í ṣe ohun fújà nínú iṣẹ́ yìí.

Ẹ kó ohun tó wà lórí dísìkì pamọ́

Màmá fẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ títú lójú ẹsẹ̀. Mo bẹ̀ wọ́n. Ẹ̀rọ ṣeé rà lẹ́ẹ̀kejì. Oríkì tí bàbá fọwọ́ ara wọn tẹ̀ kò ṣeé rà. ZoomFloppy ni mo fi so 1541 mọ́ láptọ́ọ̀pù, tí mo sì fi ètò OpenCBM da dísìkì kọ̀ọ̀kan kọ sí fáìlì D64, ẹ̀dà odindi dísìkì nínú fáìlì kan. Odindi dísìkì kan jẹ́ sẹ́kítọ̀ 683, báìtì 174,848 péré. Gbogbo àpótí dísìkì bàbá kò tó fọ́tò kan lórí fóònù. Lẹ́yìn tí mo fi wọ́n sí mẹ́mórì káàdì méjì ni mo tó mú sikirudiráífà.

Mímọ irú bọ́ọ̀dù tó wà níwájú yín

Ẹ tú Commodore 64, ẹ wá ṣíìpù tó wà ní U4. Bó bá jẹ́ bọ́ọ̀dù àtijọ́ tó gùn, nọ́ńbà 901227 ni ẹ ó rí lára rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 24. Kernal, ètò ìpìlẹ̀ kọ̀ǹpútà náà, nìkan ló wà nínú rẹ̀, kilobáìtì 8. Bó bá jẹ́ bọ́ọ̀dù kúkurú tó wà nínú púpọ̀ lára Commodore 64C, 251913-01 ni ẹ ó rí, ẹsẹ̀ 28, BASIC (èdè tí a fi ń kọ ètò) àti Kernal sì jọ wà nínú rẹ̀, kilobáìtì 16.

Ní ìhà díráìfù, 1541 àtijọ́ ní ṣíìpù ROM méjì tó ní ẹsẹ̀ 24, ọ̀kan jẹ́ 325302-01, ìkejì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 901229. 1541-II ní ẹyọ kan, 251968, ẹsẹ̀ 28. Ẹ ya fọ́tò bọ́ọ̀dù méjèèjì kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan, kí ẹ sì rí i pé àmì ìgé tó wà ní orí ṣíìpù hàn dáadáa nínú fọ́tò náà. Nígbà tí ẹ bá ń ra JiffyDOS, nọ́ńbà wọ̀nyí ni kí ẹ fi béèrè, nítorí ti 1541 kì í ṣe ti 1541-II, ti Commodore 128 sì tún yàtọ̀.

Ẹni tó bá ra ṣíìpù tí wọ́n ti kọ ọ̀rọ̀ sí lè fo ìpínrọ̀ méjì tó kàn.

Ẹni tó fẹ́ kọ ọ́ fúnra rẹ̀ nílò ẹ̀rọ ìkọ ROM bíi TL866, ó sì lè rí EPROM, ṣíìpù òfìfo tí a lè kọ ọ̀rọ̀ sí, ní Kọ̀ǹpútà Fílẹ́ẹ̀jì ní Ìkẹjà, kí wọ́n bá a fi wáìbíìlì ránṣẹ́ sí páàkì Kútọ̀. EPROM 27C128 wọ ihò ẹlẹ́sẹ̀ 28 tààrà. Kò wọ ti ẹlẹ́sẹ̀ 24. Ibẹ̀ ń fẹ́ bọ́ọ̀dù ìsopọ̀ kékeré tó ń yí ẹsẹ̀ 28 padà sí ti ROM 2364 ẹlẹ́sẹ̀ 24. Ẹ má tẹ ẹsẹ̀ po kí ẹ fi waya há a mọ́ra, mo ti rí i lọ́wọ́ àwọn kan, kì í pẹ́. Lẹ́yìn kíkọ, ẹ tún kà á jáde kí ẹ fi wé fáìlì. Bó bá ní fèrèsé gíláàsì lórí, ẹ fi téèpù dúdú bò ó, oòrùn a máa pa ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ rẹ́.

Àṣìṣe kan tó gba ọ̀sán odindi lọ́wọ́ mi wà lórí bọ́ọ̀dù kúkurú. JiffyDOS nìkan ni mo kọ sínú ṣíìpù 251913, mo gbàgbé pé BASIC ń gbé inú ilé kan náà. Ojú tẹlifíṣọ̀n dúdú kirikiri. Mo tú gbogbo léèdì ibẹ̀, mo tún un jó, mo pààrọ̀ ṣíìpù fídíò, kó tó yé mi. Ìdajì ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ kilobáìtì 8 BASIC, ìdajì òkè ni kilobáìtì 8 JiffyDOS. Ẹ so fáìlì méjèèjì pọ̀ ní títẹ̀lé ara wọn bẹ́ẹ̀ kí ẹ tó kọ ọ́.

Yíyọ àtijọ́, fífi tuntun

Ọyẹ́ ń gbẹ ara ènìyàn, iná ara a sì máa ta látọwọ́. Ẹ fọwọ́ kan irin tó wọ ilẹ̀ kí ẹ tó kan ṣíìpù, ẹ má ṣiṣẹ́ lórí kápẹ́ẹ̀tì.

Ọlọ́run ṣe é, ṣíìpù Màmá wà nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì. Mo ki sikirudiráífà pẹlẹbẹ bọ abẹ́ rẹ̀ lápá kan, mo gbé e bí irun orí, mo lọ sí apá kejì, mo gbé e bẹ́ẹ̀, mo padà. Ìgbà bíi mẹ́jọ kó tó jáde. Ẹni tó bá fà á lẹ́ẹ̀kan yóò yọ ọ́ pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ti ká.

Bí wọ́n bá jó o mọ́ bọ́ọ̀dù, iṣẹ́ mìíràn nìyẹn. Ẹ kọ́kọ́ fi léèdì tuntun kún ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan kí èyí tó ti gbó lè yọ́, ẹ wá fi ẹ̀rọ ìfamu fà á, ẹsẹ̀ kan lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ jẹ́ kó tutù díẹ̀ láàárín. Bó bá kọ̀ láti gbéra, ẹsẹ̀ kan ṣì dì mú. Ẹ wá a, ẹ má fipá fà á, nítorí ìlà bàbà orí bọ́ọ̀dù àtijọ́ tín-ín-rín, a sì máa bá ṣíìpù jáde. Ẹni tí kò bá ṣe irú rẹ̀ rí, kó fi bọ́ọ̀dù rédíò tó ti kú kọ́ ọwọ́ ná. Sọ́kẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ jó síbẹ̀, kì í ṣe ṣíìpù tuntun fúnra rẹ̀.

Àmì ìgé ṣíìpù tuntun gbọ́dọ̀ kọjú síbi tí ti àtijọ́ kọjú sí. Ẹ tún fọ́tò wò. Ẹ tẹ̀ ẹ́ wọlé pẹ̀lú àtàǹpàkò méjì, kí ẹ wá fi iná tọ́ọ̀ṣì wo ẹsẹ̀ rẹ̀ yíká, bóyá ọ̀kan ti ká sábẹ́.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín ni pé kí ẹ má ṣe ìhà méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Kọ̀ǹpútà ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe. Ẹ tan án: láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin ó yẹ kí ẹ rí JIFFYDOS V6.01 lókè. Ẹ gbé fáìlì pẹ̀lú díráìfù tí ẹ kò tíì fọwọ́ kàn. Yóò ṣiṣẹ́, yóò sì falẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ìgbà yẹn ni kí ẹ wá tú díráìfù. Báyìí, bí nǹkan bá bàjẹ́, ẹ ti mọ ilé tó ti bàjẹ́. Bí ojú tẹlifíṣọ̀n bá dúdú, ẹ pa á kíá, ẹ fọwọ́ kan ṣíìpù tuntun: bó bá gbóná janjan, ẹ ti fi ẹ̀yìn rẹ̀ síwájú.

Nígbà tí mo ṣe ti díráìfù tán, mo pe Màmá wá síwájú, mo ní kí wọ́n fúnra wọn tẹ̀ ẹ́. Fáìlì bulọ́ọ̀kù 160 kan náà, dísìkì kan náà. Kò pé ogún ìṣẹ́jú àáyá. Wọ́n ní kí n tún un ṣe. Mo tún un ṣe.

Lílò rẹ̀ lójoojúmọ́

F1 ń mú àkójọ dísìkì jáde láìpa ètò tó wà nínú RAM rẹ́. F3 ń gbé ètò BASIC. Ẹ fi kọ́sọ̀ sórí ìlà orúkọ fáìlì kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. F5 ń gbé e, ó sì ń ṣí i. Àmì @ nìkan pẹ̀lú RETURN yóò ka àṣìṣe díráìfù, ẹ bọ́ lọ́wọ́ ètò ìlà mẹ́rin tí mo kọ lókè. @B ń dá ariwo gbà-gbà-gbà orí 1541 dúró, ariwo yẹn náà sì wà lára ohun tó ń mú orí yẹ̀.

Ohun tí mo fi fẹ́ràn èyí ju kátíríìjì ìmúyára lọ ni pé púpọ̀ nínú àwọn kátíríìjì ń mú LOAD nìkan yára. JiffyDOS ń mú SAVE náà yára, àti fáìlì tí ètò fúnra rẹ̀ ń kà ní díẹ̀díẹ̀, bíi ti bàbá Màmá tó to orúkọ sílẹ̀ bí ìwé àkọsílẹ̀. Ihò kátíríìjì sì ṣófo fún nǹkan mìíràn.

Ẹ lè rí eré díẹ̀ sí i. Bí 1541 bá ń kọ fáìlì sílẹ̀, a máa fo sẹ́kítọ̀ mẹ́wàá mẹ́wàá kí ó lè rí àyè sinmi láàárín wọn. Díráìfù tó ti yára kò nílò ìsinmi gígùn bẹ́ẹ̀. Dísìkì a máa yí kọjá, a sì máa dúró dè é lásán. Òfin @G ń jẹ́ kí ẹ dín àlàfo náà kù, mẹ́fà sì ń bá 1541 lára mu dáadáa. Fáìlì tí ẹ bá tún kọ sílẹ̀ lẹ́yìn náà nìkan ni yóò jàǹfààní rẹ̀.

Eré ìdárayá kan wà tí kò ní gbà. Àwọn tó ní ètò ìmúyára tiwọn ń fò tààrà lọ síbi kan nínú ROM àtijọ́, wọn ò sì ní bá ohun tí wọ́n ń wá níbẹ̀. Súwíìṣì ni oògùn rẹ̀: a ó kọ ROM àtijọ́ àti JiffyDOS sínú ṣíìpù kan tó tóbi ní ìlọ́po méjì, a ó gbé ẹsẹ̀ àdírẹ́sì tó ga jù jáde, a ó fi rẹsísítọ̀ 10 kilo-ohm so ó mọ́ 5 fóltì, súwíìṣì kékeré yóò sì máa fà á wá sílẹ̀ nígbà tí ẹ bá fẹ́ ti àtijọ́. Ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ wà ní pípa kí ẹ tó yí i.

Bó bá jẹ́ SD2IEC ni ẹ ń lò

Àwọn ọ̀dọ́ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ fẹ́ràn SD2IEC, àpótí kékeré tó ń fi mẹ́mórì káàdì ṣe díráìfù. Òun gbọ́ èdè JiffyDOS láti inú firmware tirẹ̀, nítorí náà ṣíìpù Commodore 64 nìkan ló kù fún yín láti pààrọ̀. Kò ní 6502 nínú, ètò ìmúyára tí àwọn eré kan ń fi ránṣẹ́ sínú díráìfù kò sì lè ṣiṣẹ́ níbẹ̀ àyàfi èyí tí firmware rẹ̀ mọ̀. Ìdí tó fi yẹ kí ẹ máa sọ ọ́ di tuntun nìyẹn.

Ẹ ṣí i, ẹ ka orúkọ ṣíìpù ńlá inú rẹ̀, ATmega644 tàbí ATmega1284P. Ẹ wá fáìlì .bin tó jẹ́ ti bọ́ọ̀dù àti ṣíìpù yẹn gan-an. Ẹ da á sí òkè káàdì FAT32, kì í ṣe nínú fódà. Ẹ fi káàdì sí i, ẹ tan iná. Iná kékeré rẹ̀ yóò máa ṣẹ́jú nígbà tó bá ń kọ ọ́. Láàárín àkókò yìí, iná kò gbọdọ̀ lọ. Èmi kì í ṣe é lórí iná ìjọba. Ìnvátà ni mo máa ń yí i sí ná. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ @ pẹ̀lú RETURN, ẹ ó rí 73 pẹ̀lú orúkọ SD2IEC àti nọ́ńbà firmware tuntun. Bí 1541 bá wà lórí okùn kan náà, ẹ fún ọ̀kan ní 8, èkejì ní 9, kí àwọn méjèèjì má bàa jọ dáhùn.

Kí ẹ tó dé e padà

Ṣíìpù àtijọ́ kì í ṣe pàǹtírí. Ẹ gún ẹsẹ̀ wọn mọ́ fóòmù dúdú tó máa ń bá ṣíìpù tuntun wá, kí ẹ fi bébà fàdákà wé e, kí ẹ kọ nọ́ńbà wọn sí i lára. Ti Màmá, inú ìdérí díráìfù ni mo lẹ bébà kan mọ́: nọ́ńbà ṣíìpù tí mo yọ, èyí tí mo fi sí i, ọjọ́ tí mo ṣe é, ibi tí súwíìṣì kọjú sí fún ti àtijọ́, àti pé dísìkì bàbá wà lórí káàdì méjì, ọ̀kan lọ́dọ̀ wọn, ọ̀kan lọ́dọ̀ àbúrò wọn ní Láfẹ́nwá.